Jẹ́lé-ó-sinmi: Ilé Ni Ó Yẹ Kí Ó Sinmi, Kì Í Ṣe Ọwọ́ Ọmọ

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní agbègbè Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn)



Ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó sì fún un ní ọwọ́ tí ó fi ń ṣiṣẹ́, ojú tí ó fi ń ríran àti làákàyè tí ó fi ń ronú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́-ọnà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni, àwọn tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, láti ọmọ ọdún 2 títí dé ọmọ ọdún 5. Ẹlòmíràn lè máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, kí ni ti amọ̀ mímọ àti bébà gígé nínú ohun tí ó yẹ kí àgbààgbà jókòó lé lórí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí a bá ṣe sí ọwọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó lò lọ́dọ̀ olùkọ́ ni yóò bá a dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí yóò sì bá a dé ibi iṣẹ́.

Orúkọ náà àti ìtumọ̀ rẹ̀

Àwọn tí wọ́n fún irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní orúkọ tí ó ń jẹ́ gbọ́n púpọ̀. Jẹ́ kí ilé ó sinmi! Ta ni kì í jẹ́ kí ilé sinmi? Ọmọ tí ó ti ń rìn ni. Òun ni ó ń fi èédú ya ìlà sára ògiri. Òun ni ó ń da omi sínú erùpẹ̀ tí ó ń pò ó. Òun ni ó ń fi òkèlè ẹ̀bà mọ ẹyẹ dípò kí ó gbé e mì. Nígbà tí ìyá bá rí i pé òun kò lè dáná kí òun sì tún máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti bá òun tọ́jú rẹ̀ kí ilé lè rí ìsinmi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ohun tí kò jẹ́ kí ilé sinmi yẹn gan-an ni ọmọ náà fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí ó ti ń po erùpẹ̀ ni ó ń mọ̀ pé omi púpọ̀ a máa ba amọ̀ jẹ́. Bí ó ti ń ya ìlà sára ògiri ni ó ń mọ̀ pé ọwọ́ òun lè fi àmì sílẹ̀ tí ojú ẹlòmíràn yóò rí. Bí a bá wá gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń sọ fún un láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán pé kí ó ká ọwọ́ lẹ́rán, kí ó máa ka A, B, D tẹ̀lé olùkọ́, lóòótọ́ ilé sinmi, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọmọ náà sinmi pẹ̀lú. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ sílé nìyí: ilé ni ó yẹ kí ó sinmi, ọwọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ sinmi.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní agbègbè wa

Mowe àti Ìbàfò wà lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ìjọba ṣí ní 1978, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ìfọ̀ ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 sì gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ìlú tí a mọ̀ sí ìlú àgbẹ̀ nígbà kan ti kún fún àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí wọ́n sì ń sùn lọ́dọ̀ wa. Kí àkùkọ tó kọ ni bàbá ti wà lójú títì, kò sì ní padà títí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ yóò fi tú u sílẹ̀ ní alẹ́. Ìyá náà ń lọ sí ọjà tàbí ibi iṣẹ́. Ọmọ ọdún 3 ń wà lọ́wọ́ olùkọ́ láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá tilẹ̀ fún ọmọ ní iṣẹ́-ọnà, ẹ̀yìnkùlé yóò fún un. Yóò bá wọn ṣa ẹ̀fọ́, yóò wo bí wọ́n ti ń hun ẹní, yóò jókòó ti ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ta ìko mọ́ aṣọ àdìrẹ. Lónìí, yàrá kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ ń gbé, kọnkéré ni ilẹ̀ àgbàlá, bí ọmọ bá sì délé oorun ni ó kù. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ ọmọ náà bá ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ náà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá fún un ní nǹkan ṣe, kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí i.

Kí ni àwa òbí wá ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí? A ń bèèrè bóyá ọmọ ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. A ń ṣí ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ wò bóyá ó kún. Àwọn onílé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ohun tí a ń rà nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì ń tà fún wa. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan.

Ìdí tí ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú bírò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ọwọ́ ọmọdé. Egungun kéékèèké 8 ni ó wà ní ọrùn ọwọ́ ènìyàn. Nígbà tí a bá bí ọmọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tíì di egungun líle. Kèrékèré tútù ni gbogbo wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń le, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, èyí tí ó sì gbẹ̀yìn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í le títí ọmọ yóò fi tó bí ọdún 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ yìí ni a ń fún ní pẹ́ńsù ní ọdún 2 ààbọ̀ pé kí ó kọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìlà méjì, tí a sì ń fi pàṣán lu nígbà tí ó bá kọ ọ́ wọ́!

Amọ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọ ọwọ́ yẹn. Bí ọmọ bá ń tẹ amọ̀, tí ó ń yí i, tí ó ń fún un, iṣan ìka rẹ̀ ń lágbára. Bí ó bá ń fa bébà ya, ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì ń kọ́ láti ràn ara wọn lọ́wọ́. Bí ó bá ń fi okùn la ihò ìdérí ìgò kọjá, ojú ń kọ́ láti darí ọwọ́. Ọmọ tí ó bá ti ṣe èyí fún ọdún méjì, nígbà tí wọ́n bá fún un ní pẹ́ńsù, kò ní í ṣòro fún un.

Ìlà tí ọmọ ń yà pàápàá ní ètò. Ní bí ọdún 2, wúruwùru ni, ọwọ́ kàn ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní bí ọdún 3, òbìrí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ọmọ yóò sì sọ pé, "Màámi nìyí." Ní bí ọdún 4, yóò ya orí, yóò sì fa ẹsẹ̀ méjì jáde láti inú orí náà láìsí ikùn. Ní bí ọdún 5 sí 6, yóò ya ilé, yóò sì fa ìlà kan sísàlẹ̀ tí í ṣe ilẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Viktor Lowenfeld to irú ìpele wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé kan tí ó gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1947. Bí olùkọ́ kò bá mọ èyí, yóò wo orí tí ó ní ẹsẹ̀, yóò sì sọ pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Èdè tún ń bẹ nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ nǹkan a máa fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èdè ilé rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Ẹ má dá a lẹ́kun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa, Mùsùlùmí ọmọ Èkó tí a bí ní 1923, tí ó sì di Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ni ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún 6. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan inú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá.

Kì í ṣe ohun àjèjì

Àwọn kan rò pé nǹkan òyìnbó ni èyí. Lóòótọ́, ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Friedrich Froebel ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré sílẹ̀ ní 1837, tí ó fi amọ̀ mímọ, bébà kíká àti híhun ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Obìnrin dókítà kan, Maria Montessori, náà ṣí tirẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà ní ìlú Rómù ní 1907. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé-kéú tiwa. Kí ni Àáfà ń fún ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Wàláà ni, pẹ̀lú kàlámù àti tàdáwà. Ọmọ ń wo ìrísí lẹ́tà kan, ó ń tẹ̀ lé bí ó ti tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀, ó ń wo ibi tí tó-ńtó bọ́ sí, ó ń fọ wàláà, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ojú àti ọwọ́ ni.

Ẹ tún wo ìlú Djenné ní ilẹ̀ Mali. Mọ́sálásí ńlá kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ kọ́, èyí tí wọ́n tún kọ́ parí ní 1907. Bí ọdún bá yípo, gbogbo ìlú a jáde láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ara rẹ̀. Kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, amọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà nínú kòtò fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọdé ni ó sì máa ń wọ inú kòtò náà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ pò ó bí ẹni ń ṣeré. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìjọba ilẹ̀ wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977 tí wọ́n sì ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ti ka iṣẹ́-ọnà, orin àti ohun ìṣeré mọ́ ọ̀nà tí a ó gbà gbin ẹ̀mí ìwádìí àti àtinúdá sí ọmọ kékeré lọ́kàn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 náà sì ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ara ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí n sá fún un. Mùsùlùmí ni wá. A ti gbọ́ ìkìlọ̀ tí ó wá nípa yíya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Nítorí èyí, àwọn òbí kan a máa sọ fún olùkọ́ pé kí wọ́n má ṣe fún ọmọ àwọn ní kíréyọ̀nù rárá. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣiṣẹ́, ọmọ Mùsùlùmí á wà ní ìkángun yàrá, á ká ọwọ́ lẹ́rán. Ǹjẹ́ ẹ̀sìn wa ni ó ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú hádíìsì. Nínú Bukhari àti Muslim, a kà pé Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) a máa fi ọmọlańgidi ṣeré pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ilé Ànábì. Bí Ànábì bá wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ náà a sá pamọ́, òun gan-an ni yóò sì dá wọn padà kí wọ́n wá bá a ṣeré. Nínú Abu Dawud, a kà pé nígbà tí ó ti ojú ogun kan dé, ó rí ẹṣin kan láàárín àwọn ohun ìṣeré rẹ̀ tí ó ní ìyẹ́ méjì tí wọ́n fi àkísà ṣe. Ó bi í pé kí ni èyí. Nígbà tí ó ní ẹṣin ni, ó bi í bóyá ẹṣin a máa ní ìyẹ́. Aisha dáhùn pé ṣé kò tíì gbọ́ pé àwọn ẹṣin Ànábì Sulaiman ní ìyẹ́ ni? Ànábì rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí. Kò sọ pé irọ́ ni. Kò já ìyẹ́ náà dànù. Ó bèèrè, ó gbọ́ àlàyé, inú rẹ̀ sì dùn sí làákàyè tí ó wà nínú àlàyé náà. Bí gbogbo olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Mowe títí dé Ìfọ̀ bá lè ṣe ohun mẹ́ta yìí nìkan, ayé ọmọ wa yóò yàtọ̀.

Èyí nìkan kọ́. Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh sọ fún wa pé ní ọjọ́ Àṣúrà, wọn a máa jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn gba ààwẹ̀, wọn a sì fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn, tí wọn yóò gbé fún ọmọ tí ó bá ń sunkún oúnjẹ títí ìṣínu yóò fi tó. Ìyá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun ìṣeré fún ọmọ, nítorí ìjọ́sìn ni ó ṣe é! Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ibn Abbas, tí ọkùnrin kan tí ń fi àwòrán yíyà jẹun tọ̀ wá. Ó kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò lé e lọ láìsí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní bí ó bá jẹ́ dandan kí ó ṣe é, kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí.

Àwọn onímímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yìí, èmi kò sì jókòó síhìn-ín láti dá ẹjọ́ láàárín wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá mú èyí tí ó le jù pàápàá ṣì ní oko tí ó fẹ̀ láti ro. Igi, ewé, òkè, odò, ilé, ọkọ̀, mọ́sálásí, òṣùpá, aṣọ, ìlà àti àwọ̀, gbogbo wọn ni ó ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí àwòrán ààfin Alhambra ní ilẹ̀ Sípéènì mọ bí àwọn Mùsùlùmí ti fi ìlà àti àwọ̀ nìkan ṣe ohun tí gbogbo ayé ń lọ wò títí di òní. Bí òbí bá ní ìkìlọ̀, kí ó bá olùkọ́ sọ ọ́, kí olùkọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní igi yà nígbà tí àwọn yòókù ń ya ènìyàn. Kí ọmọ má ṣe jókòó lásán.

Àwọn bàbá wa náà bẹ̀rù ilé-ìwé nígbà kan nítorí pé wọ́n rò pé yóò gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ. Ní 1896 ni ìjọba dá ilé-ìwé àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tí ó sì di 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀, tí ó kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Wọn kò fi ẹ̀rù pa ọmọ mọ́lé; wọ́n wá ọ̀nà tí ọmọ yóò fi kàwé tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́. Irú ohun tí ó yẹ kí àwa náà ṣe lórí iṣẹ́-ọnà nìyí.

Ohun èlò wà nílẹ̀

Ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé owó kò sí. Ohun tí a ń sọ yìí kò ju ohun tí a ń kó dànù lọ.

Fún ọmọ ọdún 2: yanrìn àti omi nínú ọpọ́n, pẹ̀lú ife àti ṣíbí. Yanrìn kò wọ́n wa ní Ìbàfò, níbi tí àwọn ọkọ̀ oníyanrìn ti ń kọjá lójoojúmọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ jọ̀ ọ́ kí òkúta àti ìgò fífọ́ kúrò. Ẹ fún wọn ní amọ̀ rírọ̀ pẹ̀lú, láìsọ ohun tí wọn yóò fi mọ.

Fún ọmọ ọdún 3: ọ̀dà tí a fi ọwọ́ kùn. Ẹ se ògì kí ó ki, ẹ pín in sí abọ́ mẹ́ta. Atalẹ̀ pupa lílọ̀ yóò sọ ọ̀kan di àwọ̀ ìyeyè, omi ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò yóò pọ́n èkejì, omi ewé ẹ̀fọ́ gígún yóò sọ ẹ̀kẹta di àwọ̀ ewé. Bí ọmọ bá tilẹ̀ fi í sẹ́nu, oúnjẹ ni. Ògì kan náà yìí tí kò ní àwọ̀ ni a ó fi ṣe gọ́ọ̀mù.

Fún ọmọ ọdún 4: ẹ gé ilá tútù ní ìdábùú, kí ọmọ tì í bọ inú àwọ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ìràwọ̀ ni yóò rí. Kí ó ṣa ewé oríṣiríṣi, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ọ̀fàdà tí ìrẹsì rẹ̀ lókìkí kò jìnnà sí Mowe. Èèpo ìrẹsì tí a fọ̀ tí a sì sá, àti koríko rẹ̀ gbígbẹ, dára púpọ̀ láti lẹ̀ mọ́ bébà fún òrùlé ilé àti ẹní. Àkísà wà lọ́dọ̀ télọ̀, wọn yóò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún ọmọ ọdún 5: ẹ gé bébà sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ méjì kí ó hun ún bí ẹní. Kí àwọn ọmọ Ìfọ̀ fi páálí ìpara ṣe ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀. Kí àwọn ọmọ Mowe ṣe bọ́ọ̀sì tí ó ń gbé bàbá wọn lọ sí Èkó. A kò sì jìnnà sí Abẹ́òkúta, ìlú aláró, níbi tí ọjà àdìrẹ wà ní Ìtòkú. Ẹ fún ọmọ ní àkísà funfun kékeré, kí ó fi okùn so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn bí àdìrẹ oníko, kí olùkọ́ rẹ ẹ́ sínú omi ìṣápá. Nígbà tí ó bá tú u tí ó sì rí òbìrí tí ó wà níbẹ̀, ẹ ó rí ojú rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 20 sí 30 lójúmọ́ tó. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lè wá a.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Èkíní, ewu. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní ọ̀dà tí a fi ń kun ilé tàbí irin, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìsí àtúnṣe. Ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, òjé tí ó ti inú fífọ́ òkúta wúrà jáde pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bátìrì tí ó ti kú wà nínú ohun èlò. Aró gidi kì í ṣe ohun ọmọdé, nítorí èròjà tí ó wà nínú rẹ̀ a máa jó ara. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kò yẹ ọmọ ọdún 2 àti 3, nítorí ó lè há wọn lọ́fun.

Èkejì, ọwọ́ àgbà. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ a máa ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá ní ìparí sáà, ìyá a sì lọ sí ọjà lọ ra ìgbálẹ̀ tàbí agbọ̀n. Olùkọ́ á gbà á, á fún ọmọ ní máàkì. Kí ni ọmọ náà kọ́? Ó kọ́ pé a lè fi owó ra iṣẹ́ ẹlòmíràn kí a sì pè é ní tiwa. Irọ́ ni, ọmọ ọdún 4 ni a sì ń kọ́! Ìgbálẹ̀ wíwọ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ dì níyì ju èyí tó gún régé tí wọ́n rà.

Ẹ̀kẹta, àfarawé. Bí olùkọ́ bá ya ilé kan sójú pátákó tí ó ní kí ọmọ 30 ya irú rẹ̀ gan-an, ìgbọràn ni ó kọ́ wọn, kò kọ́ wọn ní àtinúdá. Kí ó bèèrè ilé ta ni wọ́n fẹ́ yà, kí ó sì jẹ́ kí ilé 30 jáde.

Iṣẹ́ tí ó já lé wa léjìká

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ fi ọmọ sí, ẹ wo ara ògiri. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ ọmọ 20 tí gbogbo rẹ̀ jọra, ẹ béèrè ọwọ́ ta ni ó ṣe é. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n wọ́, tí ọ̀kan kò jọ èkejì, inú yín ni kí ó dùn. Bí ọmọ bá sì mú bébà kan délé, ẹ má ṣe jù ú sí ààtàn lójú rẹ̀. Ẹ bi í bí Ànábì ti bi Aisha pé, kí ni èyí? Kí ẹ sì jókòó gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Àwọn tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ti olùkọ́ni láàárín yín pọ̀. Ẹ pín ara yín sí mẹ́ta, Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀. Kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yan ilé-ẹ̀kọ́ kan tàbí ilé-kéú kan, kí wọ́n gba àkísà lọ́wọ́ télọ̀, ègé pákó tí wọ́n ti fá lọ́wọ́ káfíńtà, páálí lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tò ó sínú àpótí kan, kí wọ́n sì máa lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Àpótí kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, kí ẹ wá sọ fún wa ohun tí ẹ rí.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ni wọ́n ti bí Aina Onabolu ní 1882. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán yíyà nígbà tí ilé-ìwé kò kọ́ ọ. Òun ni ó tẹnu mọ́ ọn fún ìjọba amúnisìn pé iṣẹ́-ọnà gbọ́dọ̀ wọ ilé-ìwé, títí wọ́n fi mú olùkọ́ iṣẹ́-ọnà kan, Kenneth Murray, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Ẹnì kan ṣoṣo ni, kò sì dákẹ́. Àwa tí a pọ̀ tó báyìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ kan jókòó ní agbègbè wa tí yóò ká ọwọ́ lẹ́rán ní ọdún tí Ọlọ́hun dá fún ọwọ́ rẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa wo àwọn ọmọ wa. Kí Ó fi ìbùkún sí ọwọ́ wọn, kí Ó sì fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kún làákàyè wọn. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí a jẹ́ ìdènà fún ohun rere tí Ó ti fi sí wọn lára. Àmín.